Ọ̀kan nínú wọn kú lójú ọ̀nà: ṣé ó yẹ kí eré kẹ̀kẹ́ tún wáyé lọ́jọ́ kejì?

Àrẹ̀mú_OníKẹ̀kẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àná ni àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré kẹ̀kẹ́ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi dá Giro d'Italia ọdún 2011, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Italy tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dúró nígbà tí Wouter Weylandt kú. Mo lanu, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo wá ní kí n gbé e wá síbí, bóyá ẹ lè bá mi dá a lóhùn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ Belgium ni, ọmọ ọdún 26, tíìmù Leopard Trek ló ń gun kẹ̀kẹ́ fún. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ni, sítéèjì kẹta (ìrìn ọjọ́ kan ni wọ́n ń pè ní sítéèjì), láti Reggio Emilia lọ sí Rapallo. Wọ́n ti gun òkè Passo del Bocco tán, wọ́n ń já bọ̀ nísàlẹ̀, kò ju bíi kìlómítà 25 lọ mọ́ kí eré parí. Ẹni tó wà nítòsí ẹ̀ sọ pé ṣe ló bojú wẹ̀yìn láti wo àwọn tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òsì kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ ha ògiri kúkúrú kan tó wà létí títì, ó sì gbé e fò sí òdìkejì. Àwọn dókítà kúnlẹ̀ tì í lórí títì yẹn fún bíi 40 ìṣẹ́jú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọdún tó ṣáájú, 2010, sítéèjì kẹta Giro yìí kan náà ló gbà, ní Middelburg lórílẹ̀-èdè Netherlands. Oyún sì wà nínú obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Lọ́jọ́ yẹn Ángel Vicioso ló kọ́kọ́ dé, David Millar ló gba jẹ́ẹ̀sì píńkì tí ẹni tó ń ṣíwájú nínú gbogbo eré máa ń wọ̀, àmọ́ wọn ò gun pódíọ̀mù, wọn ò da ṣàńpéènì. Ilẹ̀ mọ́, Genoa sí Livorno ló kàn, kìlómítà 216. Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sáré. Tíìmù kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú fún bíi kìlómítà 10, wọ́n á tún fàyè sílẹ̀ fún òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi ku díẹ̀. Gbogbo wọn wá rọra, wọ́n ní kí àwọn Leopard Trek máa lọ níwájú, àwọn yẹn sì pe Tyler Farrar mọ́ra, ará Amẹ́ríkà tó wà ní tíìmù míì, torí ọ̀rẹ́ Weylandt tímọ́tímọ́ ni, Ghent ni àwọn méjèèjì ti jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn léjìká, wọ́n jọ kọjá ìlà ìparí. Kò sẹ́ni tó gba sítéèjì yẹn, wọn ò ka àkókò ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ẹ̀ Farrar àti gbogbo Leopard Trek palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sílé. Giro ń bá a lọ.

Ṣé ìyẹn tó? Èmi gbà pé ó tó, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ ọdún 17.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Kò tó o, Àrẹ̀mú, má bínú. Ọmọ ọdún 26 tó fi oyún sílẹ̀ lọ, òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Níbi tiwa tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò gan-an á ní kí onílù dẹwọ́ ná. Àwọn wọ̀nyí sun oorun alẹ́ kan péré, wọ́n tún gorí kẹ̀kẹ́, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta wọ́n ti ń bá ara wọn du ipò padà. Ta ló ń lé wọn? Tẹlifíṣàn ti sanwó, ìlú tí eré máa gbà kọjá ti sanwó, onípolówó ti sanwó, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ká ní ọmọ tèmi ni, tí mo wá tan tẹlifíṣàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, áà, ọkàn mi ò ní gbà á.

Délé_Leeds

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín ma, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo wà ní kúlọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan níbí, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Mọ́tò gbá ọ̀kan nínú wa ní Túsìdeè kan, òyìnbó ni, bàbá ọlọ́mọ méjì, ó kú ní Tọ́sìdeè. Sátidé la máa ń jáde, mo sì rò pé a ò ní jáde. Àmọ́ mi ò lè jókòó sílé, mo bá dé ibi tá a ti máa ń pàdé láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo wọn ni mo bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó fẹ́ràn jù la gùn, méjì méjì la máa ń tò, ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dá gùn ún lọ́jọ́ yẹn, àyè ẹ̀ ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnikẹ́ni ò bọ́ síbẹ̀. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú o, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti sunkún. Nítorí náà tí mo bá rí bí wọ́n ṣe gùn ún lọ sí Livorno, mi ò rí eré kankan níbẹ̀ ma, àwọn ọmọ iṣẹ́ kan náà ló ń sin ara wọn.

Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Tom Simpson kú lórí Mont Ventoux ní Tour de France lọ́jọ́ 13 oṣù keje 1967, ọmọ ọdún 29, ooru mú un, amphetamine, oògùn tó ń ta ara jí, sì wà lára ẹ̀, ọjọ́ kejì wọ́n jẹ́ kí Barry Hoban tí wọ́n jọ wà ní tíìmù Britain máa lọ níwájú kó gba sítéèjì. Fabio Casartelli náà, ọmọ Italy tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992, ó ṣubú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Col de Portet d'Aspet lọ́jọ́ 18 oṣù keje 1995, ó sì kú, ọmọ ọdún 24. Ọjọ́ kejì láti Tarbes dé Pau wọ́n rọra gùn ún nínú oòrùn, odidi ọjọ́ kan gbáko, nígbà tí wọ́n máa débẹ̀ wọ́n ní kí àwọn Motorola tí í ṣe tíìmù ẹ̀ bọ́ síwájú, Andrea Peron ló kọ́kọ́ kọjá ìlà, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Owó ẹ̀bùn ọjọ́ yẹn lọ sọ́dọ̀ ìdílé ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Délé ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn. Àmọ́ wo ibi tí ìyàtọ̀ wà: ẹnikẹ́ni ò sanwó fún yín ní Sátidé yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá yín wí ká ní ẹ jókòó sílé. Ti Casartelli tó o wá mẹ́nu bà yìí, lọ́jọ́ tó kú gan-an ńkọ́? Ṣé wọ́n dá eré dúró?

Àrẹ̀mú_OníKẹ̀kẹ́

Wọn ò dá a dúró ma. Richard Virenque ló gba sítéèjì ọjọ́ yẹn ní Cauterets, wọ́n ṣe ayẹyẹ pódíọ̀mù, ó sì yọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọkùnrin náà ti kú. Mo gbà á gbọ́, ẹni tó wà níwájú lórí òkè kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò eré mọ̀. Ìyẹn ò dáa rárá, mi ò ní gbèjà ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ní Rapallo lọ́dún 2011, tí wọ́n fagi lé gbogbo ayẹyẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ni.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìṣẹ́yìn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mi ò wo eré kẹ̀kẹ́ rí, àbúrò Àrẹ̀mú ló pín in sórí ẹ̀rọ mi, àmọ́ ohun tí ẹ ń sọ kò ṣàjèjì sí mi.

Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín, àwọn mọ̀lẹ́bí sunkún, pásítọ̀ gbàdúrà, gbogbo ìyẹn wáyé, síbẹ̀ àwọn àgbà ọdẹ ní òkú náà ò tíì lọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ ṣípà ẹ̀. Wọ́n wá lóru, wọ́n sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, wọ́n pe ẹran tó pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pe igbó tó dé, wọ́n kó díẹ̀ lára ohun èlò ọdẹ ẹ̀ lọ sínú igbó. Torí wọ́n gbà pé tí wọn ò bá ṣe é, ọdẹ tó kú àti àwọn tó kù kò tíì pínyà, á ṣì máa bá wọn rìn nínú igbó. Ẹ wá wò ó: ìyá mi ò lè ṣe ìyẹn fún un, ọba ìlú ò lè ṣe é, àwọn tó ń wọ igbó pẹ̀lú ẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Inú igbó náà ni wọ́n sì ti ṣe é, wọn ò jókòó sí pálọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n padà sídìí ọdẹ, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ bàbá mi.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Livorno yìí ni pé ìpà ni wọ́n ṣí fún un. Ọmọ Ògún ni gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun, yálà ìbọn ni o, yálà kẹ̀kẹ́ ni.

Délé_Leeds

Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un: ilé ìjọsìn kékeré kan wà lórí òkè nítòsí adágún Como ní Italy, Madonna del Ghisallo lorúkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí Casartelli gùn lọ́jọ́ tó kú wà títí dòní, wọ́n gbé e kọ́ pẹ̀lú àwọn kẹ̀kẹ́ àwọn olóyè eré náà.

Nọ́ọ̀sì_Bùkọ́lá

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dára, mi ò bu ìpà kù, ṣùgbọ́n inú bí mi bí mo ṣe ń kà á. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, tí wọ́n bá gbé òkú kan jáde, kí wọ́n tó fọ ilẹ̀ tán a ti ní láti bi ara wa pé kí ló pa á àti pé ta ló tún máa kú irú ikú yìí. Ìyẹn ni èmi ń pè ní ọ̀wọ̀ fún òkú.

Casartelli ò dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ní 1995. Ìgbà wo ni UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé tó sọ hẹ́lmẹ́ẹ̀tì di ọ̀ranyàn? 2003! Lẹ́yìn tí Andrei Kivilev ọmọ Kazakhstan ṣubú ní eré Paris-Nice ní France, nítòsí Saint-Étienne láìdé nǹkan kan sórí, tó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọdún 8 ló wà láàárín òkú méjèèjì. Kí n má purọ́ ṣá, wọ́n ti fẹ́ ṣe òfin yẹn ní 1991, àwọn agunkẹ̀kẹ́ fúnra wọn ló yarí pé ooru máa pa wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí náà.

Weylandt dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kò gbà á là, torí náà ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń gbé eré gbà ló kù. Giro yẹn kan náà fẹ́ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí Monte Crostis ní sítéèjì 14, ọ̀nà tóóró tó dà gẹ̀rẹ́ bí ojú òrùlé, wọ́n ti na àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹni tó bá yọ̀ má bàa já sí kòtò, ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òkè náà kúrò. Tí kò bá sí òkú tó wà nílẹ̀, ẹ rò pé wọ́n máa yọ ọ́?

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Muriel Furrer, ọmọbìnrin Switzerland, ọmọ ọdún 18, ìdíje àgbáyé ní Zurich, oṣù kẹsàn-án 2024. Ó ṣubú nínú igbó nígbà tí òjò ń rọ̀, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò gba rédíò tí wọ́n fi ń bá tíìmù wọn sọ̀rọ̀ láyè ní ìdíje yẹn. Wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé e, ọjọ́ kejì ló kú. Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ìdíje ń lọ, wọ́n ní ìdílé ẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ fóònù ọwọ́ mi mọ ibi tí mo wà nísìnyí tí mo ń tẹ̀ ẹ́ yìí! Ìgbà tó di ìdíje àgbáyé 2025 ní Kigali, ní Rwanda, àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ìgbà yẹn ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ GPS sára kẹ̀kẹ́ gbogbo wọn. Kó tó dìgbà náà, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n fẹ́ dán an wò ní Tour de Romandie tàwọn obìnrin, tíìmù 5 kọ̀ láti yan ẹni tó máa gbé e, wọ́n sì lé tíìmù 5 náà kúrò nínú eré. Àwọn àgbà ń fa ọ̀rọ̀ lórí òkú ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá_Akúrẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́.

Mo wà ní sítédíọ̀mù Súrùlérè lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, Nàìjíríà àti Àǹgólà, a fẹ́ lọ sí World Cup. Èrò pọ̀ débi pé àwọn òǹwòran kan kú nínú ìfúnpá lọ́jọ́ yẹn. Ní ìṣẹ́jú 77 Samuel Okwaraji ṣubú láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n gbé e jáde, bọ́ọ̀lù ń lọ, a ń kọrin, a na Àǹgólà ní 1-0, a jáde síta a ń jó lójú títì, orí rédíò ni mo ti gbọ́ pé ọmọ náà ti kú. Ọmọ ọdún 25, lọ́yà. Títí dòní mi ò lè sọ fún yín bí góòlù yẹn ṣe wọlé, ohun tí mo rántí ni pé mo jó. Mi ò mọ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò mọ̀, síbẹ̀ ó ń dùn mí pé mo jó. Ohun tí Virenque ń sọ yé mi dáadáa.

Kẹ́mi_A

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn yín.

Mo fẹ́ mú wa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé, ìyẹn ta ló yẹ kó pinnu. Mo tẹ̀ lé Tour de Suisse 2023 ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀ torí Gino Mäder ni mò ń tì lẹ́yìn. Ọmọ Switzerland ni, ọmọ ọdún 26, tíìmù Bahrain Victorious. Ọmọkùnrin yìí, ní Vuelta 2021, eré ńlá ti ilẹ̀ Spain, ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀ ní sítéèjì kọ̀ọ̀kan, á yọ yúrò kan kalẹ̀ nítorí ẹ̀, gbogbo owó náà ló kó fún àjọ kan tó ń mú ewéko padà sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2023 ló já sí kòtò nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti Albula lọ sí La Punt, wọ́n bá a nínú omi, ọjọ́ kejì ló kú ní ọsibítù ní Chur. Remco Evenepoel, agunkẹ̀kẹ́ tíìmù míì, ti pariwo lọ́jọ́ tí ìjàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n parí eré sí ìsàlẹ̀ òkè báyẹn.

Wọ́n fagi lé sítéèjì kẹfà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé gbogbo wọn jọ gun kìlómítà díẹ̀ tó gbẹ̀yìn dé Oberwil-Lieli, àwọn Bahrain níwájú. Ojú wọn pọ́n, ẹlòmíì ò lè gbé orí sókè. Wọ́n wá bá ìdílé ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdílé ní kí eré máa lọ. Tíìmù mẹ́ta, Bahrain, Tudor àti Intermarché, ní àwọn ò ṣe mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn wí, àwọn agunkẹ̀kẹ́ láti tíìmù míì náà lọ sílé. Fún àwọn tó dúró, wọ́n ka àkókò sítéèjì keje nígbà tó ku kìlómítà 25, kí ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ lè rọra gun èyí tó kù. Evenepoel dá lọ, ó gbà á, ó nawọ́ sókè sí ọ̀run. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ní Tour de France, Pello Bilbao tí wọ́n jọ wà ní tíìmù gbé iṣẹ́ tí ọmọ yẹn fi sílẹ̀, yúrò kan fún gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n fi gbin igi. Ó gba sítéèjì ní Issoire, ó sì ní ti Gino ni.

Èmi rò pé ìyẹn ló sún mọ́ ohun tó tọ́ jù: kí wọ́n bi ẹbí, kí wọ́n bi tíìmù, kí ẹni tí ò lè ṣe é máa lọ sílé láìsí pé wọ́n bú u.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Tó bá jẹ́ ìyá ẹ̀ ló ní kí wọ́n máa lọ, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu oníǹkan nìyẹn. Ọmọ ọdẹ náà ti ṣàlàyé fún mi, ó yé mi ju ti àárọ̀ lọ.

Àmọ́ mi ò kúrò lórí kiní kan. "Ẹni tó bá wù kó lọ, kó máa lọ" yẹn, ọmọ ọdún 22 tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ fẹ́ẹ́ tán lọ́dún yìí, ṣé ó lè dìde lọ sílé bíi ti àwọn ọ̀gá? Ó máa gùn ún pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mìíràn, nígbà tí ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Ẹni tó bá máa bi ẹbí, kó bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà, kó sì bi í ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Bùkọ́lá

Ẹ ṣé ma. Mo fọwọ́ méjèèjì sí i.

Àrẹ̀mú_OníKẹ̀kẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fèsì fún àbúrò mi, ti Bàbá Akúrẹ́ ló ní kí n tún kà. A ti jọ wo fídíò Livorno yẹn lálẹ́ yìí, kò sọ̀rọ̀ títí tó fi parí, ó kàn bi mí pé èwo ni Farrar, mo nawọ́ sí i fún un.

Mo wá fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn án. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún yẹn kan náà, Tour de France, sítéèjì kẹta tún ni o, ní Redon. Farrar yìí ló kọ́kọ́ dé. Bó ṣe ń kọjá ìlà ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì ṣe lẹ́tà W síwájú àyà ẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì. Ọmọ náà ní ṣé òun náà ò bẹ̀rù nígbà tó ń sáré báyẹn, mo ní kò lè má bẹ̀rù. Nọ́ńbà 108 tí Weylandt lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ tó kú, àwọn tó ń ṣe Giro ní ẹnikẹ́ni ò ní lò ó mọ́.

Kẹ́mi_A

Michele Scarponi ni wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ Giro 2011 yẹn fún níkẹyìn, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Alberto Contador tó kọ́kọ́ gbà á. Òun náà kú ní oṣù kẹrin 2017, mọ́tò ló gbá a níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nítòsí ilé ẹ̀ ní Filottrano. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Giro tọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, Astana tíìmù ẹ̀ kọ̀ láti fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, àwọn 8 ni wọ́n lọ nígbà tí àwọn yòókù ní 9.

Délé_Leeds

Àyè ẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Àrẹ̀mú, oyún tó o sọ níjọ́sí yẹn ńkọ́, ti obìnrin Weylandt? Ṣé ó bí i láyọ̀?

Àrẹ̀mú_OníKẹ̀kẹ́

Ó bí i ma. Oṣù kẹsàn-án 2011, obìnrin ni. Oṣù yẹn náà ni bàbá ẹ̀ ì bá pé ọmọ ọdún 27.